Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìrántí Bàbá Tó Jẹ́ Ẹnjiníà

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan náà: bàbá tó fi ayé wọn ṣe ọ̀nà, afárá àti ilé ti dolóògbé, àwọn ọmọ sì fẹ́ ṣe ìrántí wọn bó ṣe yẹ. A kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. Gbogbo ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa lo ọdún tó lé ní ọgbọ̀n ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ òde. Kí n má parọ́, ohun tí àwa ọmọ mọ̀ kò ju pé wọ́n ń lọ sí sáìtì. Àpótí irin kan wà ní yàrá wọn tó kún fún ìwé, pẹ̀lú àwòrán iṣẹ́ tí wọ́n ká jọ bí ẹní. Ìwé ètò ìsìnkú gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé láìpẹ́. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? — Àkọ́bí obìnrin, Abẹ́òkúta

Inú àpótí yẹn gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó gbọ́ ohun tí ẹbí ń sọ. Iṣẹ́ ẹnjiníà kò ṣeé ṣe láìkọ nǹkan sílẹ̀, nítorí náà ẹ̀rí pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ kọ́kọ́ wá lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, lẹ́tà ìgbéga àti lẹ́tà ìṣípòpadà. Ẹ tò wọ́n láti orí èyí tó pẹ́ jù. Ibi tí ọdún bá ti fò, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé lọ́tọ̀, kí ẹ wá fi bi ìyá yín tàbí àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́.

Ó wá kan àwọn àwòrán. Igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ni kí ẹ wò. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ orúkọ iṣẹ́, ẹni tó ni iṣẹ́, ọjọ́ àti nọ́ńbà àwòrán sí. Ohun tí ẹ ń wá ni lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ tó wà níwájú “Drawn”, “Designed”, “Checked” àti “Approved”. Bí lẹ́tà orúkọ bàbá bá wà níwájú “Drawn” ní 1968, tó bọ́ sí iwájú “Checked” ní 1975, tó sì dé “Approved” ní 1983, ẹ ti rí bí iṣẹ́ wọn ṣe gòkè láìbi ẹnikẹ́ni.

Ẹ lè rí ìwé kékeré ẹlẹ́yìn líle tí nọ́ńbà kún inú rẹ̀ ní òpó-òpó, tí wọ́n kọ “Back Sight”, “Fore Sight” àti “Reduced Level” sí òkè rẹ̀. Èyí ni ìwé tí wọ́n fi ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ga tó bí ó ṣe rẹlẹ̀ tó. Ẹ fi àwọn nọ́ńbà náà sílẹ̀. Òkè ojú ìwé ló wúlò fún yín, níbi tí wọ́n kọ ọjọ́ àti orúkọ ọ̀nà tàbí odò sí. Tí ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ti sáìtì bá wà, ẹ ti rí wúrà. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, iye òṣìṣẹ́ tó wá, iye àpò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n lò, àti ìdí tí iṣẹ́ fi dúró. Gbólóhùn kan bíi “òjò dá iṣẹ́ dúró ní aago méjì, a bo kọnkéré tuntun” máa fi bàbá hàn ju ìyìn ojú ìwé méjì lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn àwòrán náà fúnra wọn. Èyí tí ìlà rẹ̀ jẹ́ búlúù tàbí àwọ̀ elésè-àlùkò lórí ìwé funfun máa ń ṣá tí oòrùn bá ń pa á, nítorí náà ẹ má gbé e kọ́ sí pálọ̀ níwájú fèrèsé. Ẹ má lẹ ibi tó ya pọ̀ pẹ̀lú sẹ́lótéèpù, torí gọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò di pupa, yóò sì jẹ ìwé náà. Ẹ má ṣe é ní lamination. Èyí tó ti ká fún ọdún pípẹ́, ẹ má fi agbára tẹ́ ẹ. Ẹ tú u díẹ̀díẹ̀, ẹ fi ìwé funfun sí abẹ́ àti orí rẹ̀, ẹ gbé ìwé ńlá lé e fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe skáànù àwòrán ńlá fáwọn ayàwòrán ilé. 300 dpi tó fún àwòrán iṣẹ́; fọ́tò kékeré, 600 dpi.

Fọ́tò bàbá wa lórí iṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ lẹ́yìn èyíkéyìí. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá náà ń jà lórí ọdún tí wọ́n bí wọn. — Ọmọkùnrin wọn, Òṣogbo

Àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n ń sọ “kò pẹ́ ju báyìí lọ” tàbí “kò yá ju báyìí lọ”. Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972. Bí ọkọ̀ inú fọ́tò bá ń rìn lọ́wọ́ òsì ọ̀nà, wọ́n yà á ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó wà lára ọkọ̀ tàbí pátákó o, torí àwọn ayàwòrán a máa dojú fíìmù dé nígbà mìíràn. Tí lẹ́tà bá yí padà, ọ̀nà náà ti yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má sì fi ibi tí sítíárì ọkọ̀ wà ṣe ẹ̀rí, nítorí ọkọ̀ àtijọ́ ṣì ń rìn fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìyípadà.

Ìwé owó tí wọ́n kọ ní pọ́n-ùn àti ṣílè ti wà ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1973, ọjọ́ tí náírà bẹ̀rẹ̀. Orí lẹ́tà tó ní “Western Region” ti wà ṣáájú oṣù Karùn-ún 1967. “Western State” wà láàárín ìgbà yẹn sí oṣù Kejì 1976, nígbà tí wọ́n pín in sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ ní 1991, Èkìtì ní 1996. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ sínú ìtàn pé bàbá ṣe ọ̀nà “fún Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní 1979”, ẹ tún un ṣe: Oǹdó ni ìpínlẹ̀ náà nígbà yẹn, kódà bí ọ̀nà ọ̀hún bá wà ní Adó-Èkìtì. Bẹ́ẹ̀ náà ni yunifásítì Ifẹ̀: 1987 ni orúkọ rẹ̀ di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹ kọ orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí wọn, kí ẹ fi orúkọ tòní tẹ̀lé e.

Ní ti ọdún ìbí, ẹ lọ wo ìwé ìrìbọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-ìwé wọn kí ẹ tó gba ìwé ìbúra kóòtù gbọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé ìbúra ọjọ́ orí ni wọ́n ṣe nígbà tí olúwarẹ̀ ti dàgbà, lórí ìfojúbù. Ẹ bi àwọn àgbà ní ìbéèrè tó ní ibi tí a ti lè dì í mú: ṣé wọ́n ti ń lọ sílé-ìwé kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955? Kíláàsì wo ni wọ́n wà lọ́dún òmìnira? Bí kò bá sí ìwé kankan, “nǹkan bí 1943” kò ní àbùkù nínú. Ọjọ́ àti oṣù tí a hùmọ̀ ló lábùkù.

Bàbá mi kékeré ní ká kọ ọ́ pé “Bàbá ló kọ́ Third Mainland Bridge.” Lóòótọ́ ni wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò dùn mọ́ mi nínú. — Ọmọ wọn, Ìkòròdú

Kò yẹ kó dùn mọ́ yín. Afárá náà gùn tó kìlómítà 11.8, iṣẹ́ rẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó parí ní 1990, èèyàn tó sì lọ́wọ́ sí i kò níye. Àwọn tí wọ́n bá bàbá ṣiṣẹ́ máa wà ní ìsìnkú náà. Bí wọ́n bá ka gbólóhùn yẹn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa èyí tó kù, títí kan èyí tó jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé.

Orí iṣẹ́ ńlá, ẹnjiníà tó ń ṣe ìṣirò yàtọ̀ sí ẹni tó ń yẹ ìṣirò náà wò. Ẹni tó ń ṣojú ẹni tó ni iṣẹ́ ní sáìtì, tó láṣẹ láti ní kí wọ́n fọ́ ohun tí kò dára, yàtọ̀ sí ẹnjiníà kọ́ńtírákítọ̀ tó ń darí àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń fi irinṣẹ́ wọn ilẹ̀ sójú ìlà, kí òpó lè bọ́ síbi tó yẹ, yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Kò sí èyí tó kéré níbẹ̀. Ẹ kọ ọdún, ipò, apá iṣẹ́ àti ibi tó wà, báyìí: “Ní 1988 sí 1990, wọ́n wà lára àwọn ẹnjiníà tó ń bójú tó dída kọnkéré apá Adékúnlé.” Ẹnikẹ́ni tó bá gba ibẹ̀ kọjá máa mọ ibi tó yẹ kó wò. Ìyẹn wúwo ju “ló kọ́ ọ” lọ.

Ẹ yẹ oyè wọn wò pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà Nàìjíríà, NSE, bẹ̀rẹ̀ ní 1958. COREN, àjọ tí òfin gbé kalẹ̀ láti forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Nítorí náà, ìtàn kò lè sọ pé COREN gba bàbá wọlé ní 1965. MNSE ni ọmọ ẹgbẹ́ ń kọ sẹ́yìn orúkọ. FNSE jẹ́ ti àwọn tí ẹgbẹ́ gbé ga sí ipò Fellow. Ẹ fi ohun tó wà lórí sátífíkéètì ṣe é, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pè wọ́n ládùúgbò.

Kí ni ká ṣe sí òǹtẹ̀ bàbá? Ọ̀rẹ́ wọn kan ti ń béèrè rẹ̀. — Ìyàwó olóògbé, Ìbàdàn

Ẹ má fún un, ọ̀rẹ́ yòówù kó jẹ́. Òǹtẹ̀ ẹnjiníà ni ẹ̀rí pé ẹni tí COREN forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ti fọwọ́ sí àwòrán ilé. Àwọn kan máa ń wá òǹtẹ̀ olóògbé kiri láti fi tẹ àwòrán tí kò sẹ́ni tó ṣe ìṣirò rẹ̀, bí ilé náà bá sì wó, orúkọ ọkọ yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ bá nínú fáìlì. Ẹ tì í mọ́ àpótí. Ẹ kọ lẹ́tà sí COREN, ẹ so ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ikú àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn mọ́ ọn, kí wọ́n lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti dolóògbé, kí ẹ sì béèrè bí ẹ ṣe máa dá òǹtẹ̀ náà padà. Ẹ kọ irú lẹ́tà yìí kan náà sí ẹ̀ka NSE tí wọ́n wà. Ẹgbẹ́ á sì lè rán èèyàn wá bá yín kẹ́dùn.

Ta ló máa lóye ọ̀rọ̀ kọ́fáàtì àti kọnkéré ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ṣé kò sàn ká kàn sọ pé wọ́n jẹ́ ẹnjiníà, ká sì kọjá lọ? — Àbígbẹ̀yìn, Iléṣà

Tẹ́ ẹ bá kọjá lọ, ẹ ti fò ogójì ọdún nínú ayé wọn. Gbogbo ará ìjọ ló mọ omi tó gba ojú ọ̀nà, gbogbo wọn ló sì mọ ilé tó là. Ẹ gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ sọ ohun tí kọ́fáàtì ń ṣe: ó ń jẹ́ kí omi gba abẹ́ ọ̀nà kọjá láìbá ọ̀nà jà. Ẹ wá sọ ohun tó ń bà á jẹ́, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n bàbá wà. Bí ríìǹgì, ìyẹn páìpù kọnkéré tí omi ń gbà, bá kéré ju odò lọ, omi á gun orí ọ̀nà. Bí wọn ò bá fi kọnkéré tẹ́ ilẹ̀ ibi tí omi ti ń já jáde, omi á máa gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́dọọdún títí ògiri ẹnu rẹ̀ á fi dà wó, tí ọ̀nà á sì tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí ẹnjiníà tó mọṣẹ́ fi máa ń wọ inú abúlé lọ bi àwọn àgbà pé: ibo ni omi dé lọ́dún tó kún jù? Wọ́n á ní kí wọ́n fi ibẹ̀ hàn wọ́n lára igi tàbí ògiri, wọ́n á sì wọ̀n ọ́n.

Ní ti kọnkéré, ẹ sọ ìyà tí bàbá fi ń jẹ àwọn tó ń fi omi kún un. Omi púpọ̀ máa ń jẹ́ kó rọrùn fún òṣìṣẹ́ láti dà, ṣùgbọ́n tí omi náà bá gbẹ, ihò tíntìntín ló ń fi sílẹ̀, kọnkéré á sì di aláìlágbára. Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ni pé wọ́n á kó kọnkéré tútù sínú kóònù irin tó ga ní 300 mm, ní ìpele mẹ́ta, wọ́n á fi ọ̀pá irin gún ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìgbà 25, wọ́n á wá yọ kóònù náà sókè, wọ́n á wọn bí kọnkéré náà ṣe jìn sísàlẹ̀ tó. Wọ́n á tún da díẹ̀ sínú àpótí oníhà mẹ́fà ti 150 mm, wọ́n á lọ fi ẹ̀rọ fọ́ ọ lẹ́yìn ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 28. Ẹ wá kọ ọ́ ní ṣókí, báyìí:

“Bí bàbá wa bá dé sáìtì, kóònù irin ni wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè. Bí kọnkéré bá jìn ju bó ṣe yẹ lọ, wọn kì í gbà kí wọ́n dà á, ì báà jẹ́ ọ̀gá kọ́ńtírákítọ̀ ló wà níbẹ̀. Kọ́fáàtì mẹ́rin tí wọ́n ṣe lójú ọ̀nà oko wa ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.”

Ẹni tí kò rí sáìtì rí máa lóye èyí. Kìkì pé kó jẹ́ òtítọ́: ẹ rán ẹnìkan lọ wo kọ́fáàtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Gbogbo ìwé ìsìnkú ló ń sọ “ọkọ àtàtà, bàbá rere”. Bàbá tiwa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́, a ò sì fẹ́ kó dà bí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìyàwó méjì ni wọ́n fẹ́, ọmọ mẹ́sàn-án. — Dáwódù, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá. Ẹ bá ìyá kọ̀ọ̀kan jókòó lọ́tọ̀, kí fóònù máa gba ohùn wọn sílẹ̀, kó má ju ogún ìṣẹ́jú lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má bi wọ́n pé irú èèyàn wo ni bàbá jẹ́. “Èèyàn dáadáa ni” ni wọ́n máa sọ. Ẹ bi wọ́n pé kí ni bàbá ń kọ́kọ́ ṣe tí wọ́n bá ti sáìtì dé. Ta ló ń sanwó ilé-ìwé nígbà tí owó oṣù kò wọlé? Ta ló gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lóru? Lẹ́yìn náà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan ṣoṣo wá: ọ̀rọ̀ kan tí bàbá máa ń sọ, tàbí ohun kan tí wọ́n fọwọ́ ara wọn tún ṣe nínú ilé. Àwọn méjì tó bá mú ohun kan náà wá, ẹ mọ̀ pé ohun yẹn gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé.

Iṣẹ́ ọ̀nà máa ń gbé bàbá jìnnà sílé fún oṣù púpọ̀. Ẹ má fi bò. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì kọ bí wọ́n ṣe ń di ilé mú láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ wá àwọn lẹ́tà, ìwé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́, àti káàdì èsì ìdánwò yín láti ilé-ìwé. Ẹ wo ibi tí òbí ń fọwọ́ sí. Bí ọwọ́ bàbá bá wà lórí káàdì ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án, ní tààmù-tààmù, fọ́tò káàdì méjì nínú ìwé náà á ṣe iṣẹ́ “bàbá rere” láìsọ ọ́.

Ẹ kọ orúkọ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe wọlé tẹ̀ léra. Ẹ to àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe bí wọn, láìpín wọn sí ojúlé ìyá, kí ẹ má sì gbàgbé èyí tó ti ṣáájú bàbá lọ. Ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí, àwọn ìyá àti àgbà ọmọ láti ojúlé méjèèjì ka ẹ̀dà tó kẹ́yìn, kí wọ́n fọwọ́ sí i kó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Aáwọ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ lórí orúkọ tí a fò le ju èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lórí oúnjẹ, ìwé náà sì lè di ohun tí wọ́n gbé lọ síwájú adájọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ogún bá dé.

Ẹ má ṣe da oríkì kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ bi ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n bàbá obìnrin nílé, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹni tó mọ àmì ohùn kọ ọ́. Ní ti gígùn, ìtàn ìgbésí ayé tí wọ́n máa kà sókè kò yẹ kó ju 600 sí 700 ọ̀rọ̀ lọ; ọ̀rọ̀ ìdágbére ọmọ kọ̀ọ̀kan, 150. Ìtàn tó kún lè wà nínú ìwé.

Ẹnjiníà ni èmi náà bíi bàbá mi. Mo fẹ́ kọ odidi ìwé nípa wọn. Ǹjẹ́ ọmọ kan wà tó ti ṣe irú ẹ̀ tí mo lè wò? — Ọmọ wọn obìnrin, Peckham, London

Ó wà. Ẹ wo ti Fazlur Rahman Khan. Dhaka ni wọ́n bí wọn sí ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 1929, ní ilẹ̀ tó di Bangladesh lónìí. Wọ́n lọ sí Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà ní 1952, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Chicago ní 1955. Àwọn ni ẹnjiníà tó ṣe ìṣirò John Hancock Center, alájà 100, àti Sears Tower, alájà 110 tó ga ní mítà 442. Wọ́n kú ní Jeddah ní oṣù Kẹta 1982, nígbà tí wọn ò ju ẹni ọdún 52 lọ. Chicago ni wọ́n sin wọ́n sí. Ọmọ wọn obìnrin, Yasmin Sabina Khan, tí òun náà jẹ́ ẹnjiníà, kọ ìwé nípa iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ní 2004.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ fún yín ni pé ìwé náà dúró lórí iṣẹ́. Ẹ wo Sears Tower bí àpẹẹrẹ. Ilé gíga máa ń fẹ́ tẹ̀ bí atẹ́gùn bá ń tì í. Khan to òpó mọ́ ara wọn láti ṣe ọ̀wọ̀n mẹ́sàn-án tí inú wọn ṣófo, tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 75, wọ́n wá dì wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè jọ kojú atẹ́gùn. Méjì parí ní àjà 50, méjì ní 66, mẹ́ta ní 90, méjì tó kù ló lọ sókè pátápátá. Ẹni tó bá ti lóye ìyẹn tún máa lóye ìrònú ẹni tó ṣe é. Àwọn nǹkan mìíràn nípa wọn kò tún ṣòro láti fi kún un: pé wọ́n fẹ́ràn orin Tagore, pé ní 1971, nígbà tí ogun dé bá ìlú wọn, wọ́n kó àwọn ọmọ ìlú wọn tó wà ní Amẹ́ríkà jọ láti ṣèrànwọ́. Wọ́n tún sọ pé kò yẹ kí onímọ̀ iṣẹ́ sọnù sínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọyì ayé, ayé sì ni ọnà, eré, orin, àti pàápàá jù lọ, èèyàn.

Bí bàbá yín kò bá kọ́ ilé alájà 100, ẹ mú iṣẹ́ wọn kan tó ní ìṣòro nínú. Ẹ sọ ìṣòro náà, ọ̀nà mìíràn tí wọn ì bá gbà, àti ìdí tí wọ́n fi yan èyí tí wọ́n yàn. Ẹ̀yin lẹ lè ka ìṣirò wọn. Àwọn àbúrò yín kò lè ṣe é.

Ọdún kan kò tíì pé, ibojì bàbá wa ti là láàárín, mábù orí rẹ̀ ti ń ṣí. Ó ká wa lára gan-an, bàbá tó fi gbogbo ayé wọn bá kọnkéré tí kò dára jà. Kí ló fà á, báwo la ṣe máa tún un ṣe? — Àwọn ọmọ olóògbé, Oǹdó

Ó yẹ kó ká yín lára, ṣùgbọ́n ó ṣeé tún ṣe. Ìkánjú ló sábà máa ń fà á. Wọ́n sin òkú lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ dí i láìgún un, wọ́n da kọnkéré lé iyẹ̀pẹ̀ rírọ̀ náà lórí, wọ́n sì lẹ mábù mọ́ ọn kí àlejò tó dé lọ́jọ́ Àìkú. Tí òjò bá rọ̀ fún ìgbà kan, iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ á wọlẹ̀, àárín síláàbù á wà lórí òfìfo, á sì là. Mábù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ kọnkéré tútù máa ń ṣí nítorí pé kọnkéré ń sún kì bó ṣe ń gbẹ. Funfun tó ń hù sójú rẹ̀ jẹ́ iyọ̀ tí omi ń gbé jáde.

Ṣíṣe tó tọ́ ni kí síláàbù jókòó lórí ògiri, kó má gbára lé iyẹ̀pẹ̀. Ká ní inú ibojì jẹ́ mítà 2.1 ní gígùn, 0.9 ní ìbú, tí búlọ́ọ̀kù onínǹṣì mẹ́sàn-án tí wọ́n fi kọnkéré dí ihò rẹ̀ sì yí i ká. Síláàbù mítà 2.4 sí 1.2, tó nípọn 100 mm, á jókòó sórí ògiri ní 150 mm yíká. Ẹ ra rọ́ọ̀dù 10 mm mẹ́rin tó gùn ní mítà 12. Ẹ gé 17 sí mítà 1.15, kí wọ́n dábùú ìbú ibojì ní àlàfo 150 mm. Àwọn wọ̀nyí ló ń gbé ẹrù, nítorí náà àwọn ni kó wà nísàlẹ̀. Ẹ gé méje sí mítà 2.35, ẹ tò wọ́n lé àwọn yẹn ní àlàfo bíi 180 mm, kí ẹ fi wáyà dè wọ́n. Ẹ fi bisikíìtì kọnkéré onínípọn 25 mm sábẹ́ irin. Bí irin bá sùn sílẹ̀, á dípẹtà, á sì fọ́ kọnkéré láti inú.

Kọnkéré rẹ̀ kò gbà ju àpò sìmẹ́ǹtì méjì lọ: páànù yanrìn 8, páànù gránáìtì 16. Omi kò gbọ́dọ̀ ju lítà 25 lọ fún àpò kan, kó sì dín sí i bí yanrìn bá tutù. Ẹ tẹ́ nylon tó nípọn sí abẹ́ kí ilẹ̀ má baà fa omi rẹ̀. Láti ọjọ́ kejì, ẹ fi àpò ọ̀gbọ̀ bò ó, kí ẹ máa fi omi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 7, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Mábù tàbí tẹràsó gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ 28. Àwọn tí kò tíì sin òkú wọn lè fi pákó àti kápẹ́ẹ̀tì bo ojú ibojì lọ́jọ́ ìsìnkú, kí wọ́n ṣe síláàbù lẹ́yìn tí àlejò ti lọ. Bí olóògbé bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ bi áfáà yín léèrè kí ẹ tó kọ́ ohunkóhun sórí sàréè.

Ní ti èyí tó ti là, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì dí i lásán. Ẹ ṣí mábù tó ti gbé sókè, ẹ fi pẹ́ńsùlù fàlà sí ìparí ibi tó là ní ìhà méjèèjì, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ẹ po POP díẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ dábùú ibi tó là ní ojú méjì, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka, kí ẹ fi òrùlé páànù bò ó lọ́wọ́ òjò. Bí òjò ọdún kan bá kọjá tí POP náà kò là, ilẹ̀ ti jókòó. Ẹ lè fẹ ojú ibẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi epọ́kísì tàbí sìmẹ́ǹtì tí kì í sún kì dí i, kí ẹ wá da mábù padà. Bí ó bá là, ẹ gé síláàbù náà kúrò, ẹ gún iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ ní ìpele 150 mm, kí ẹ da òmíràn bí a ṣe kọ ọ́ sókè yìí. Kí wọ́n tó gbẹ́ orúkọ sórí mábù tuntun, ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gan-an, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí àgbà mẹ́ta nínú ẹbí kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.